Bàbá Sójà, Ẹni Tí A Sin Lẹ́ẹ̀mejì

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí bàbá bàbá mi kú, àwọn àgbà agboolé wa ní Ògbòòrò jókòó títí oòrùn fi kan àtàrí, wọ́n ń jiyàn bóyá ó tọ́ kí a sin wọ́n. Kì í ṣe pé Bàbá ṣẹ̀. A ti sin wọ́n rí ni. Ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, agboolé wa ti gbẹ́ ilẹ̀ nítorí wọn, wọ́n ti sunkún, wọ́n ti pa ewúrẹ́, wọ́n sì ti pín ogún. Ẹnì kan ní a kì í ṣe òkú kan lẹ́ẹ̀mejì. Ẹlòmíràn dá a lóhùn pé òkú tó bá jẹ iṣu tuntun fún ogójì ọdún lẹ́yìn ìsìnkú, ìsìnkú yẹn kò mú un. Ẹ̀rín fẹ́ gba ẹnu àwọn kan, wọ́n fi ọwọ́ bò ó. Níkẹyìn, Baálé wa, Bàbá Àlàó, tí í ṣe àbúrò olóògbé, gbé orí sókè, wọ́n ní, "Èmi ni mo sin wọ́n nígbà yẹn, mo sì fi ìkánjú ṣe é. Ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe."

Olùkọ́ ni mí ní ilé-ìwé ìjọ ní Ìgànná. Bàbá ló tọ́ èmi àti Àkànbí ẹ̀gbọ́n mi dàgbà lẹ́yìn tí òbí wa méjèèjì ti kú, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run ní ojoojúmọ́ pé ọwọ́ wọn ni ó fi wá sí. N kò lè kọ ìtàn ayé wọn tán, nítorí àwọn fúnra wọn kò sọ ọ́ tán. Ohun tí mo rántí ni mo ń kọ.

Àjàní ni orúkọ wọn, ṣùgbọ́n Bàbá Sójà ni gbogbo ìlú ń pè wọ́n. Nígbà èwe wọn, wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn dé Èkó, wọ́n sì wọṣẹ́ sójà Gómìnà, àwọn tí ènìyàn ń pè ní sójà Hausa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ Yorùbá pọ̀ láàárín wọn. Akọ̀wé tó ń kọ orúkọ wọn sínú ìwé kò gbọ́ Ògbòòrò rí. Ó béèrè ìlú ńlá tó wà nítòsí, wọ́n ní Ṣakí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe di Àjàní Ṣakí. Nígbà tí wọ́n kó wọn lọ sí ogun Àṣáńtè, Àjàní kan tún wà nínú ẹgbẹ́ náà tó jẹ́ pé ọmọ Ṣakí ni ní tòótọ́. Ibà pa ìyẹn nínú igbó.

Ẹni tó bá kú sí ìdálẹ̀ tí a kò lè gbé òkú rẹ̀ wálé, irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ ni a máa ń gé, a ó dì í sínú aṣọ funfun, a ó fi ránṣẹ́ sí àwọn ènìyàn rẹ̀ kí wọ́n lè rí nǹkan sin. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún Àjàní kejì yẹn, wọ́n sì pe ìdì náà ní ti Àjàní Ṣakí. Ìdì náà ti ọwọ́ oníṣòwò kan bọ́ sí ọwọ́ oníṣòwò mìíràn títí ó fi dé òkè ọ̀hún lọ́dọ̀ wa, ó sì wọ agboolé wa, nítorí gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé Àjàní tiwa lọ sógun. Wọ́n sin ín sí ẹ̀yìnkùlé, lábẹ́ igi igbá. Nígbà tí ọ̀fọ̀ parí, wọ́n ṣú ìyàwó Bàbá lópó fún àbúrò wọn, Àlàó.

Ní ọdún kẹta, Bàbá wọlé ní ọ̀sán gangan. Ìyàwó wọn ń lọ bàbà lórí ọlọ, ọmọ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Dàda ni ọmọ náà, ọmọ Àlàó. Àwọn ènìyàn fọ́n ká. Àlàó dọ̀bálẹ̀, kò sì lè dìde. Bàbá wo ọmọ, wọ́n wo àbúrò wọn, wọ́n ní kí ìyá Dàda máa gbé níbi tó wà, kí ilé má bàa tú. Wọ́n gba yàrá kan ní òdìkejì agbo ilé, wọ́n sì fẹ́ ìyàwó mìíràn nígbà tó yá. Ìyá bàbá mi nìyẹn. Nígbà tí oyè Baálé sì kàn wọ́n, wọn kò jẹ ẹ́, wọ́n ní kí àbúrò wọn jẹ. Wọ́n ní, "Òkú kì í jẹ Baálé."

Ìdí igi igbá yẹn, Bàbá kì í kọjá níbẹ̀ láì kí i. "Àlejò, ẹ kú àárọ̀ o," ni wọn yóò wí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n rìn lọ sí Ṣakí láti wá àwọn ènìyàn Àjàní kejì, wọn kò rí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Mo bi wọ́n nígbà kan ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi ń dùn wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní, "Ìyá kan ń bẹ níbì kan tó ṣì ń wo ọ̀nà. Òkú rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa, a kò sì mọ ẹni tí a ó dá a padà fún."

Ìṣẹ̀lẹ̀ yìí ló wà ní ìdí gbogbo èrò tí Bàbá ní nípa ìjọba. Ní àràárọ̀, kí a tó gbé ọkọ́, wọn a tò wá sí ẹnu ọ̀nà bíi sójà, wọn a sì máa pe orúkọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan. "Náàm" ni a gbọ́dọ̀ fi dáhùn, bí àwọn Hausa ti ń dáhùn. Àwọn ará àdúgbò a máa fi wá rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ kan Àkànbí ṣì ń sùn, èmi ni mo bá a jẹ́ "Náàm". Bàbá kò nà mí. Wọ́n kàn jókòó sórí ìtì igi, wọ́n ní, "Àyìndé, má jẹ́ fún ẹlòmíràn mọ́. Ọ̀nà tí wọ́n gbà sin mí nìyẹn."

Ìdí kan náà ló mú wọn fi mí sílé ìwé. Nígbà tí ajíhìnrere ìjọ wá ń wá ọmọ, àwọn bàbá yòókù fi ọmọ tiwọn pamọ́ sí oko. Bàbá fà mí lọ́wọ́ lọ bá a, wọ́n ní ẹnì kan nínú wa gbọ́dọ̀ lè ka ìwé tí wọ́n kọ wá sí. Àwọn fúnra wọn kò ṣe ìrìbọmi, ó sì dùn mí títí di òní. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ìsinmi wọn a ní kí n ka Bíbélì fún wọn. Nígbà tí mo kà á dé ibi tí Ọlọ́run ti ń pe ènìyàn rẹ̀ ní orúkọ, wọ́n ní kí n tún un kà. Wọ́n wá ní, "Ìjọba yẹn, ǹ bá bá a ṣe sójà."

Bàbá àti Baálé kì í jọ jẹun nínú abọ́ kan. Wọn kì í jà, wọn kì í sì í ṣeré. Fún gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ọ̀rọ̀ ìjọba nìkan ni ọ̀rọ̀ tí kò ní ẹ̀gún nínú fún wọn. Ní ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n bá ti oko dé, kálukú a jókòó sí ẹnu ọ̀nà tirẹ̀, wọn a sì máa ju ọ̀rọ̀ síra wọn láti ìhà kìíní sí ìkejì, tí ewúrẹ́ àti àwọn ọmọdé ń kọjá láàárín.

Mo rántí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n kéde pé ìjọba ti so Àríwá àti Gúúsù pọ̀ sábẹ́ Gómìnà kan ṣoṣo.

Baálé ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti gbọ́? Wọ́n ní àwa àti Hausa ti di ọ̀kan."

"Mo gbọ́. Hausa wo ni ìwọ mọ̀?"

"Mo mọ alápatà tó wà ní Ṣakí."

"Báwo ló ṣe ń ṣe ọ́?"

"Egungun ló máa ń kó fún mi."

"Ẹ ti di ọ̀kan nìyẹn. Ará ilé ẹni níí fún ni ní egungun."

Baálé rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wúkọ́. Ṣùgbọ́n Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn ti bá Hausa jẹun, àwọn ti bá wọn sùn lábẹ́ aṣọ òtútù kan. Bàwá, ọmọ Sókótó, ló pọn wọ́n sẹ́yìn fún ọjọ́ méjì nígbà tí ibà dá wọn dùbúlẹ̀, tí gbogbo ẹgbẹ́ ti lọ. Wọ́n ní kò sí Gómìnà kan tó so àwọn àti Bàwá pọ̀. Baálé béèrè pé ṣé ìdàpọ̀ náà kò dára nígbà náà ni. Bàbá ní, "N kò ní kò dára. Èmi kò rí aránṣọ tó ń rán ẹ̀wù fún ènìyàn láì wo ara rẹ̀ rí."

Ní ti kóòtù tuntun àti agbára tí ìjọba ń gbé wọ àwọn ọba, Bàbá le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní nígbà àtijọ́, bí ọba bá ṣe àṣejù, ìlú a kọ̀ ọ́, ọba sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní báyìí, òyìnbó dúró sẹ́yìn rẹ̀, kò sì ní ìdí láti wo ojú wa mọ́. Baálé a máa wo ọ̀tún wo òsì.

"Ẹ rọra, Ẹ̀gbọ́n. Ògiri létí."

"Kí ògiri lọ sọ fún wọn. Kí ni wọn yóò fi òkú ṣe?"

Nígbà tó di ọdún kejì ogun Jámánì, wọ́n pe ìlú jọ pé ìjọba ń fẹ́ àwọn ọkùnrin tí yóò máa ru ẹrù àwọn sójà lọ sí Kamẹrúùnù. Agboolé kọ̀ọ̀kan ni yóò fi ọkùnrin kan sílẹ̀. Àkànbí ni Baálé yàn. Kò pé oṣù mẹ́fà tí ẹ̀gbọ́n mi gbé ìyàwó, Àbẹ̀ní, ọmọ Ìwéré-Ilé. Mo bẹ Bàbá pé kí wọ́n lọ bá Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó sọ̀rọ̀, nítorí ó máa ń bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ nítorí iṣẹ́ sójà wọn. Bàbá kọ̀. Wọ́n ní, "Iye tí wọ́n fẹ́ kò ní dín. Bí mo bá yọ tèmi, ọmọ opó ni wọn yóò mú."

Ṣùgbọ́n ní ojú gbogbo ìlú, Bàbá dìde, wọ́n sì béèrè ohun kan lọ́wọ́ ògbufọ̀ tó jẹ́ iṣẹ́ ìjọba náà: ṣé wọ́n ti kọ orúkọ àwọn ọmọ náà sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ bàbá wọn àti ìlú wọn? Ògbufọ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá Sójà, ẹ fọkàn balẹ̀. Ìjọba kì í gbàgbé." Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀. Bàbá jókòó.

Lẹ́yìn ọdún kan ó lé, ọ̀dọ́kùnrin kan tí ogun ti sọ di egungun wá láti Ṣakí. Ó gbé ìdì kékeré kan lọ́wọ́. Aṣọ funfun ni. Ó ní ti Àkànbí ni. Bàbá gba ìdì náà, wọn kò sì tú u. Wọ́n fún un ní omi, wọ́n jẹ́ kó mu, wọ́n wá bi í.

"Ìwọ lo gé e?"

"Rárá, Bàbá. Ará Ìsẹ́yìn kan ló fi lé mi lọ́wọ́ ní etí odò. Ó ní ti Àkànbí, ọmọ ìlú kan lọ́dọ̀ wa lọ́hùn-ún, ni."

"O rí òkú rẹ̀?"

"Mo rí i nígbà tí ibà mú un. N kò rí i mọ́ lẹ́yìn ìyẹn."

Àbẹ̀ní dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn. N kò gbọ́ ẹkún rẹ̀. Baálé ti ń sọ fún àwọn ọmọkùnrin pé kí wọ́n gbé ọkọ́ wá. Bàbá fi ìdì náà sínú àpò agbádá wọn, wọ́n ní, "Kí ẹnikẹ́ni má gbẹ́lẹ̀."

Ní ọjọ́ kejì, èmi àti Bàbá mú ọ̀nà ọ́fíìsì ìjọba pọ̀n. Ìrìn ọjọ́ mẹ́ta ni. Eékún Bàbá ń wú, a sì ń sinmi ní abẹ́ gbogbo igi tó ní ewé. Ní ọ̀nà, wọn kò sọ̀rọ̀ ìjọba kankan. Nígbà tí a débẹ̀, ọjọ́ méjì ni a fi jókòó sí ìta kí wọ́n tó gbọ́ tiwa. Akọ̀wé náà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó wá ìwé náà kàn, ó ṣí i, ó sì yí i sọ́dọ̀ mi nígbà tí mo sọ fún un pé mo lè kà.

Bàbá ní, "Ka ìlà tiwa."

Mo kà á. Orúkọ agbègbè wa ni wọ́n kọ, àti iye àwọn ọkùnrin tí wọ́n kó.

"Orúkọ wọn ńkọ́?"

"Bàbá, kò sí."

"Wo ẹ̀yìn rẹ̀."

Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀. Òfìfo ni. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Bàbá dúró ṣánṣán, wọ́n kí akọ̀wé bí sójà ti ń kí ọ̀gá, wọ́n sì jáde. Nígbà tí a dé ìta, wọ́n yíjú sí mi. Wọ́n ní, "Nígbà tèmi, wọ́n kọ orúkọ, wọ́n kọ ọ́ ní àṣìkọ. Ìwé ọ̀hún ti lọ síwájú, ojú rẹ̀ sì ti fọ́: iye ènìyàn ló ń rí, kò rí orúkọ mọ́."

Nígbà tí a padà délé, Baálé pe ìpàdé agboolé. Wọ́n fi sùúrù sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ọdún ń gorí ọdún, ọmọbìnrin kékeré kò lè máa jókòó láàárín méjì. Kí a sin ìdì náà, kí Àbẹ̀ní ṣọ̀fọ̀, kí èmi Àyìndé sì ṣú u lópó bí ó ti yẹ. Mo sọ pé ọmọ ìjọ ni mí, pé n kò lè gba ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi nígbà tí n kò mọ̀ bóyá ó ti kú.

Àgbà kan ní, "Ṣé ìjọ yín ni yóò bá a kọ ebè?"

 Ìdì náà wà lórí itan Bàbá. Wọ́n wá pe àbúrò wọn ní orúkọ, kì í ṣe ní oyè. "Àlàó. Ìwọ àti èmi mọ ohun tí irú ìdì yìí ṣe."

N kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ yẹn láàárín wọn rí. Baálé wo ilẹ̀.

"N kò bínú sí ọ," ni Bàbá wí. "Mo fi ìyàwó mi sílẹ̀ fún ọ nítorí ilé yìí. Mo fi í sílẹ̀ tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ọmọ yìí padà dé bá ohun tí èmi dé bá."

Ìyá Dàda jókòó ní ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú àwọn ìyá àgbà, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà nínú igbá. Ìyá Dàda kò gbé ojú sókè. Wọ́n ní, "Baálé gbà mí lọ́wọ́ òkú. Ẹ̀yin fi mí fún alààyè. Nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ló bi mí léèrè?" Wọ́n sì ń ṣa ẹ̀wà wọn lọ.

 Mo ń wo ọwọ́ Bàbá lórí ìdì náà. Wọ́n ní, "Kò sẹ́ni tó bi ọ́. Èmi náà kò bi ọ́." Wọn kò fi ọ̀rọ̀ kankan bò ó. Wọ́n ní kí wọ́n pe Àbẹ̀ní wá.

Àbẹ̀ní kúnlẹ̀. Bàbá ní, "Kí ni o fẹ́ kí á ṣe?"

"Bàbá, n kò mọ̀."

"Ó dára. Gbà." Wọ́n na ìdì náà sí i. "Ọjọ́ tí o bá mọ̀, gbé e wá. Kí ẹnikẹ́ni má bi í nígbà tó máa jẹ́."

Ariwo ta. Àwọn àgbà ní irun òkú kì í jáde kúrò lọ́wọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, pé obìnrin tí a gbé níyàwó kò ní àṣẹ lórí rẹ̀. Bàbá jẹ́ kí wọ́n sọ tán. Wọ́n ní, "Ìjọba tó kó o lọ kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ni mo fi í fún." Baálé ló kọ́kọ́ dìde, wọ́n ní ìpàdé ti tú.

Lẹ́yìn ìyẹn Bàbá kò sọ̀rọ̀ ìjọba púpọ̀ mọ́. Baálé ló ń sọ ọ́ láti òdìkejì, Bàbá a máa dáhùn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ìyá Dàda bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ògì wá fún Bàbá ní àárọ̀. Ìyá náà a jókòó díẹ̀, wọn a gbé abọ́ wọn, wọn a lọ. N kò mọ ohun tí wọ́n ń bá ara wọn sọ. Nígbà tí àrùn ikọ́ àti ibà tó ń pa ènìyàn káàkiri dé Ògbòòrò, ó dá Bàbá dùbúlẹ̀. Àkókò yẹn gan-an ni ìròyìn dé pé ogun ti parí. Baálé rékọjá agbo ilé, wọ́n wọ yàrá Bàbá, wọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ẹní.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní a ti ṣẹ́gun Jámánì."

Bàbá la ojú. "Àwọn ọmọ ti dé?"

"Wọn kò tíì dé."

"Ta ló wá ṣẹ́gun?"

Mo wà níbẹ̀. N kò gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu wọn nípa ìjọba lẹ́yìn ìyẹn. Ní ọjọ́ kẹrin ni Ọlọ́run pè wọ́n, mo sì gbàgbọ́ pé orúkọ wọn gan-an ni ó fi pè wọ́n.

Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn ìsìnkú tí Àbẹ̀ní jáde ní àárọ̀ kan, kí àwọn ènìyàn tó lọ sí oko. Ìdì náà wà lọ́wọ́ rẹ̀.  Baálé wò ó, wọn kò bi í ní ohunkóhun. Wọ́n wọlé, wọ́n mú ọkọ́, wọ́n sì gbẹ́ ilẹ̀ náà fúnra wọn, pẹ̀lú gbogbo ọjọ́ orí wọn, wọn kò jẹ́ kí ọ̀dọ́ kankan gbà á lọ́wọ́ wọn. Èmi ni mo gbàdúrà. Mo pe orúkọ Àkànbí ní kíkún, àti orúkọ bàbá wa, àti orúkọ ìlú wa.

Nígbà tí ọ̀fọ̀ parí, Àbẹ̀ní ní òun ń padà sí Ìwéré-Ilé lọ́dọ̀ àwọn òbí òun. Kò sẹ́ni tó dá a dúró. Mo bá a gbé ẹrù rẹ̀. Oòrùn mú, ọ̀nà sì jìn. Nígbà tí a ń wo òrùlé ìlú wọn lókèèrè, mo bi í ohun tó ti wà ní ọkàn mi láti ọjọ́ tó ti gbé ìdì náà jáde: ṣé ó ti wá mọ̀ dájú pé ẹ̀gbọ́n mi ti kú ni?

Ó gba ẹrù rẹ̀ lórí mi, ó gbé e ka orí ara rẹ̀.

"N kò mọ̀ títí di òní," ni ó wí. "Ó kàn rẹ̀ mí ni. Bàbá yín nìkan ló gbà pé èmi ni yóò sọ ìgbà tó bá rẹ̀ mí."